Iye kọ́, ìkàsí ni: lórí orúkọ tí a ó fún ojú-ilẹ̀

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Àbá tí ó wà níwájú wa ni pé kí a máa pe ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "landscape" ní ìrísí-ilẹ̀, kí a sì pe ìwádìí lórí bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbé e gẹ̀gẹ̀ ní "iye ìrísí-ilẹ̀". Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé e kalẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ apá méjèèjì.

Ìrísí jẹ́ ti ohun tí a ń wò nìkan. Bí òkè bá ga, tí àfonífojì sì jìn, ìrísí wọn nìyẹn, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ dé ibẹ̀ rí. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kan fọwọ́ sí ní ìlú Florence ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 2000 sọ ọ́ gbangba pé agbègbè kan ni "landscape", bí àwọn ènìyàn ṣe mọ̀ ọ́n lára, tí ìwà rẹ̀ sì ti ọwọ́ ìṣẹ̀dá tàbí ti ènìyàn, tàbí ti àwọn méjèèjì, wá. Yọ ènìyàn kúrò níbẹ̀, ìrísí-ilẹ̀ ni ó kù. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́ jọ́gíráfì.

Ojú-ilẹ̀ ni èmi fara mọ́. Ẹnì kan lè sọ pé ojú náà tún ti sọ ọ́ di ohun wíwò, bẹ́ẹ̀ a kì í wo òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, gbígbọ́ ni a ń gbọ́ ọ. Ẹ rántí ojú-ọjọ́: awọ ara ni ó ń mọ ooru, síbẹ̀ a ń sọ pé ojú-ọjọ́ móoru, kò sì sí ẹni tí ó ṣì í gbọ́. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà gan-an, ọ̀dọ̀ àwọn ayàwòrán Họ́láǹdì ni ó ti wá ní ìparí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún; kí ó tó bọ́ sọ́wọ́ wọn, agbègbè lásán ni landschap, bí wọ́n ṣe ń pè é lédè wọn, ń tọ́ka sí.

Ọ̀rọ̀ iye ni ó ká mi lára jù. Iye ni èsì sí "mélòó" àti "èló". Ó bá a mu nígbà tí onímọ̀ ọrọ̀-ajé bá ń béèrè ohun tí ènìyàn lè san kí wọ́n má baà gé igbó kan, ṣùgbọ́n ẹ̀ka kan péré nìyẹn. Àbọ̀ ìwádìí tí IPBES, àjọ àgbáyé lórí ìmọ̀ nípa ohun abẹ̀mí àti àyíká, gbé jáde ní ọdún 2022 dárúkọ oríṣi mẹ́ta ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "value": ìwúlò tí ohun kan ní fún wa, iyì tí ó ní fúnra rẹ̀, àti èyí tí ó ti inú àjọṣe wa pẹ̀lú rẹ̀ wá. Ní ọdún 2017, òfin New Zealand sọ odò Whanganui di ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lábẹ́ òfin, nítorí pé àwọn Maori, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ka odò náà sí ìbátan wọn. Ta ni í béèrè iye ìbátan rẹ̀?

Mo ti bá àgbẹ̀ kan rìn lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan rí. Koríko tútù ni mo rí. Òun bẹ̀rẹ̀, ó bu erùpẹ̀, ó fi ìka méjì lọ̀ ọ́, ó gbé e sí imú, ó sì na ọwọ́ sí ibi tí omi máa ń rọ́ sí bí òjò bá dá. Ohun tí ó ṣe yẹn ti ní orúkọ nínú èdè wa: ó ka ilẹ̀ náà sí. Àìkàsí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa, nítorí náà ìkàsí kò ní ṣòro. Kò díye lé nǹkan, kò sì fi iyì sínú ohun náà nìkan. Àárín ẹni àti ibi ni ó wà, ó sì gba ìwúlò, iyì àti àjọṣe mọ́ra.

Ẹ dán an wò lẹ́nu olùwádìí tí ó tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sílẹ̀ níwájú ẹnì kan. Bí ó bá béèrè pé, "Iye wo ni ẹ fún ibí yìí?", owó ni yóò gbọ́. Kí ó wá béèrè pé, "Ibo ni ẹ kà sí jù níbí, kí sì ni ẹ rí tí ẹ fi kà á sí?"