Kompressor àtijọ́ àti tọ́bò ayé òde òní: ohun tí ọwọ́ wa ń bá pàdé l'Ógbómọ̀ṣọ́ àti l'Ọ́yọ̀ọ́

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ìbéèrè tó ń wọlé lójoojúmọ́ nìyí: ṣé kí èèyàn wá Benz Kompressor àtijọ́ (Benz tó ní sùpáchájà) tó mọ́, kó tọ́jú rẹ̀ pa mọ́, àbí kó kó owó yẹn lé ọkọ̀ oní-tọ́bò tuntun? Ẹ bá wa sọ ohun tó máa ń bàjẹ́, ohun tó ń fà á, àti bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi nọ́ńbà sí i, ẹ jọ̀ọ́. "Ó dáa" àti "kò dáa" nìkan kò lè ran ẹni tó fẹ́ sanwó lọ́wọ́.

Mẹkáníìkì Benz, Takie, Ògbómọ̀ṣọ́:
Iṣẹ́ kan náà ni sùpáchájà àti tọ́bò ń ṣe: wọ́n ń ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnì ju èyí tó lè fà fúnra rẹ̀ lọ. Bẹ́líìtì ló ń yí sùpáchájà. Èéfín tó ń jáde ló ń yí tọ́bò. Ìdí nìyẹn tí Kompressor fi máa ń dáhùn lójú ẹsẹ̀ tí a bá ti tẹ̀ ẹ́. Ìdí yẹn náà ló fi ń jẹ epo, nítorí bẹ́líìtì ń gbà lára agbára ẹ́ńjìnì kó tó dá a padà.

Ẹ wo SLK 230 Kompressor tó jáde ní 1996. Ẹ́ńjìnì M111 oní-2.3 lítà ló ní, agbára ẹṣin 193, pẹ̀lú 280 Nm (agbára tó fi ń yí) láti nǹkan bí 2,500 lórí aago tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan. C300 ti 2015, tọ́bò oní-2.0 lítà, mú agbára ẹṣin 241 wá, pẹ̀lú 370 Nm láti nǹkan bí 1,300. Ká má tan ara wa, ti tuntun yára jù ú lọ, epo tó sì ń jẹ kéré. Ohun tó mú kí ti àtijọ́ yẹ ní títọ́jú ni pé etí àti ọwọ́ tó láti mọ àìsàn rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, àárọ̀ kùtù ni kí ẹ lọ, kí ẹni tó ń tà á má tíì ṣí i. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tó ní kó ṣáná sí i. Ẹ tẹ́tí sí imú sùpáchájà, níbi tí púlì wà. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo bí ẹni ń mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo mílíìkì, tó sì dákẹ́ nígbà tí ẹ gbé e dé 1,500, ohun kékeré tó so ọ̀pá púlì mọ́ gíà inú rẹ̀ ló ti jẹ. Kì í ṣe sùpáchájà ló kú. Nǹkan náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, a sì lè pààrọ̀ òun nìkan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ lọ ra odindi. Ṣùgbọ́n bí ariwo náà bá ń han, tó ń ga bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, tí kò dákẹ́, béárìn ni, owó ńlá sì nìyẹn.

Imú yẹn ní ọ́ìlì tirẹ̀, tí kò bá ọ́ìlì ẹ́ńjìnì pàdé rárá. Kò tó 200 ml. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, nítorí náà wọn kì í pààrọ̀ rẹ̀ títí gíà á fi gbẹ. Bí a bá fi síríǹjì fa ti àtijọ́ jáde, dúdú ni, òórùn rẹ̀ sì le. Ọ́ìlì tí wọ́n ṣe fún sùpáchájà gan-an ni kí ẹ dá padà sí i. Ẹ má da ọ́ìlì gíà tàbí ti ẹ́ńjìnì síbẹ̀: ibẹ̀ ń yí tó nǹkan bí ìgbà 14,000 ní ìṣẹ́jú kan, ọ́ìlì tí kò bá a mu á hó.

Ohun tó ń dùn mí jù ni àwọn tó ń yọ sùpáchájà kúrò, tí wọ́n ń fi bẹ́líìtì kúkúrú rọ́pò rẹ̀. Ẹ́ńjìnì yẹn, wọ́n ti dín bó ṣe ń fún afẹ́fẹ́ mọ́ra kù sí 8.8 sí 1 nítorí pé wọ́n mọ̀ pé sùpáchájà máa wà níwájú rẹ̀. Bí a bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnì yóò ṣe bí ẹni tí kò jẹun. Kò ní lè gun òkè. Iye rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń kó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ náà ti lọ nìyẹn.

Rẹwáyà, Ọ̀yọ́:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n fi ti wáyà kún un, nítorí òun ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ.

Ní iwájú orí ẹ́ńjìnì M111 àti M271 tó dé lẹ́yìn rẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì wà tó ń darí ọ̀pá kámù, ìyẹn ọ̀pá tó ń ṣí fáálù (M111 ní ẹyọ kan, M271 ní méjì). Tó bá ti gbó, ọ́ìlì máa ń jò wọ inú ojú wáyà rẹ̀. Kò ní kán sílẹ̀ tí ẹ ó fi rí i. Inú rọ́bà wáyà ló ń gbà gòkè, díẹ̀díẹ̀, bí òróró ṣe ń gun òwú àtùpà, títí tó fi dé kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Ìgbà yẹn ni ọkọ̀ á máa já, tí iná ẹ́ńjìnì á tàn, tí sikánà á sì máa dárúkọ sẹ́ńsọ̀ tí kò ṣe nǹkan kan. Ẹni tí kò mọ̀ á pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta, mẹ́rin.

Ẹ pa ọkọ̀, ẹ yọ ojú wáyà mágínẹ́ẹ̀tì náà, ẹ fi tíṣù funfun nu inú rẹ̀. Bí tíṣù bá yọ ọ́ìlì, ẹ lọ yọ ojú wáyà tó wọ kọ̀ǹpútà, kí ẹ nu òun náà. Bó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ nìkan ló dé, ẹ pààrọ̀ mágínẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì fi wáyà kúkúrú olójú méjì sáàárín òun àti wáyà ọkọ̀. Bí ó bá tún jò lọ́la, wáyà kúkúrú yẹn ni yóò mu ún, ẹ ó kàn pààrọ̀ rẹ̀ ni. Bó bá ti dé òkè, ẹ fi ohun ìfọ-wáyà fọ gbogbo ojú rẹ̀, ẹ sì máa ṣí i wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, torí èyí tó kù nínú wáyà ṣì ń bọ̀.

Ẹni tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀, Owódé, Ọ̀yọ́:
Bí ẹ bá wá ra sùpáchájà tọ́kunbọ̀, ẹ fi ọwọ́ yí púlì. Ó gbọ́dọ̀ yí wọ́ọ́rọ́wọ́, kó má ha. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé: irin méjì tó lọ́ mọ́ra yẹn kì í kan ara wọn. Bí ẹ bá rí ojú ibi tó ti ha, iyanrìn ti wọ ibẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Eruku ọyẹ́ ló ń fa èyí púpọ̀ níhìn-ín, látọ̀dọ̀ fílítà yẹpẹrẹ tí etí rẹ̀ kò dì.

Ẹ mọ èyí tí ọkọ̀ yín ń lò kí ẹ tó wá. Àwọn M111 tó kọ́kọ́ jáde ní kílọ́ọ̀ṣì oní-mágínẹ́ẹ̀tì lójú púlì, bíi ti AC; àwọn tó dé lẹ́yìn kò ní in. Ẹ kò lè fi ọ̀kan rọ́pò ìkejì láìtún wáyà ṣe.

Olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, Ògbómọ̀ṣọ́:
Kílọ́ọ̀ṣì tí ẹ sọ yẹn ti pẹ́. Mercedes 540K ti 1936, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tí àwọn olówó ayé ń du jù lónìí, agbára ẹṣin 115 ló ń lò nígbà gbogbo. Tí awakọ̀ bá tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ pátápátá, sùpáchájà á wọlé, á di 180. Fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n sì ní kí á máa lò ó. Àwọn arákùnrin méjì ní Amẹ́ríkà, Philander àti Francis Roots, ló gba ìwé àṣẹ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ oní-irin-méjì ní 1860, ṣáájú kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó wà. Dodge Hellcat ti 2015, agbára ẹṣin 707, sùpáchájà ló ṣì ń lò.

Mẹkáníìkì Benz, Takie:
Ẹ ṣé gan-an, ọ̀gá wa. Ó ku ọ̀rọ̀ tọ́bò. Ọ̀pá tọ́bò lè yí ju ìgbà 150,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, orí ọ́ìlì lásán ló sì ń léfòó. Ọ́ìlì tó ti kú ni ikú rẹ̀. Ní ojú ọ̀nà wa, mo ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ní 5,000 kìlómítà, ọ́ìlì sintẹ́tíìkì tí àmì MB 229.5 wà lára gálọ́ọ̀nù rẹ̀. Tí ẹ bá sáré bọ̀ láti Ìlọrin, ẹ má pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dúró ní ìṣẹ́jú kan sí méjì kí ooru ibẹ̀ lè rọlẹ̀.

Epo náà ńkọ́? Epo ilé epo wa, 91 ni ìwọ̀n ọ́kíténì rẹ̀, ìyẹn bó ṣe lè fara da ìfúnmọ́ra kó tó gbaná fúnra rẹ̀. 95 ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí ń béèrè. Kọ̀ǹpútà á jẹ́ kí iná púlọ́ọ̀gì pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣẹ́, kí ẹ́ńjìnì má baà kan, agbára á dín. Fún ìdí yìí, ẹ má fi púlì kékeré sí Kompressor kó lè yí kíákíá sí i. Pẹ̀lú 91 nínú ooru oṣù kẹta, písítìnì ló máa san gbèsè náà.

Ẹni tó bá ń wo C230 oní-M271 ti 2003 sí 2005, ṣéènì tó ń yí ọ̀pá kámù ni kó kọ́kọ́ bi. Tí ẹ́ńjìnì tútù bá pariwo ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ kó tó dákẹ́, ṣéènì ti gùn. Ẹ ṣí ìdérí òkè, kí ẹ wo eyín gíà kámù méjèèjì. Bí ẹnu eyín bá ti mú bí abẹ́rẹ́, ṣéènì, gíà àti ohun tó ń fà á le ni kí ẹ jọ pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣéènì tuntun lórí eyín àtijọ́ kì í pẹ́ gùn.