Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtànṣán kún orúkọ MRI, òòfà ni

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń bá èdè wa ṣe làálàá. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni pé kí la ó máa pe MRI, ẹ̀rọ ọsibítù tó ń fi òòfà ńlá ya àwòrán inú ara, ní Yorùbá, àti pé kí la ó máa pe àwa tí à ń fi í ṣiṣẹ́ ní ọsibítù. Ẹnì kan dábàá "ẹ̀rọ ìtànṣán olóòfà", ẹlòmíì ní ká kúkú sọ ọ́ ní "arínúróde", ẹnì kẹta ní ká fi sílẹ̀ bó ṣe wà, MRI náà ni MRI. Iṣẹ́ yìí ni mo ń ṣe jẹun, èmi ni mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn tí mo máa ń bi èèyàn pé kí ló wà nínú àpò, kí ló wà ní ìdí, kí ló wà nínú irun, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, ó sì lè gùn díẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ bá mi yọ ìtànṣán yẹn kúrò ná. X-ray àti CT (ìyẹn X-ray tó ń yí ara po láti ya inú ẹ̀) ló ń lo ìtànṣán tó lè ṣe ara ní jàǹbá tó bá pọ̀ jù, ìdí nìyẹn tá a fi ń wọ aṣọ òjé, tá a sì máa ń bi obìnrin bóyá oyún wà níkùn kó tó wọlé. Irú ìtànṣán yẹn ò sí nínú MRI rárá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni pé omi ló pọ̀ jù lára èèyàn, háídrójìn sì wà nínú omi, òòfà ńlá yẹn á jẹ́ kí àwọn háídrójìn yìí tò tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ á wá fi ìgbì rédíò tì wọ́n díẹ̀, bí wọ́n bá ṣe ń padà sáàyè wọn ni wọ́n á máa ta àmì jáde, àmì yẹn ni kọ̀ǹpútà ń kó jọ tó fi ń ya àwòrán. Òòfà tó bá jẹ́ 1.5 Tesla (Tesla ni wọ́n fi ń wọn agbára òòfà), ìgbì rédíò tó ń lò tó bíi 64 MHz, ẹ sì wo rédíò FM tó wà nílé yín, 88 ló ti bẹ̀rẹ̀, wọn ò jìnnà síra wọn. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi bàbà bo ògiri yàrá náà yíká, kí rédíò ìta má baà kó sí i lára.

Àwọn Òyìnbó gan-an ti rí ohun tí orúkọ lè fà. Nígbà tí Paul Lauterbur kọ́kọ́ gbé irú àwòrán yìí jáde ní 1973, NMR ni wọ́n ń pe ìmọ̀ tó ti wá, N yẹn sì dúró fún nuclear. Nígbà tó wá dé ọsibítù, àwọn aláìsàn ń gbọ́ nuclear, bọ́ǹbù ló ń wá sí wọn lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan tó pa òun àti bọ́ǹbù pọ̀, ni wọ́n bá yọ N dànù tí wọ́n ń pè é ní MRI. Lauterbur àti Peter Mansfield gba ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀ ní 2003, N yẹn ò sì padà wá mọ́. Tí àwọn tó ni ín bá yọ lẹ́tà kan ṣoṣo torí kí ẹ̀rù má baà ba aláìsàn, kí ló wá dé tí àwa ó fi ọwọ́ ara wa gbé ìtànṣán sínú tiwa? Mo ti rí aláboyún tí dókítà kọ MRI fún tó yarí pé òun ò ṣe, pé wọ́n ní iná ẹ̀ máa ń jó ọmọ nínú. Ọ̀rọ̀ X-ray ló gbọ́ tó gbé e lọ sórí MRI. Orúkọ tí ẹ dábàá yìí á wá sọ irú àṣìgbọ́ yẹn di òótọ́ létí èèyàn.

Arínúróde ńkọ́? Ó dùn létí, mi ò jiyàn. Àmọ́ oríkì Ọlọ́run nìyẹn, Arínúróde Olùmọ̀ràn-ọkàn, kò yẹ ká mú un fún ẹ̀rọ. Yàtọ̀ sí ti ẹ̀sìn, irọ́ ló máa jẹ́. Ẹ̀rọ yìí kì í rí gbogbo inú. Èèyàn lè máa ní ẹ̀fọ́rí kó máa fi orí gbá ògiri, ká ya orí ẹ̀ kó mọ́ kedere, ẹ̀fọ́rí ṣì wà níbẹ̀. Tẹ́ni tó wà nínú ẹ̀ bá mira díẹ̀ báyìí, àwòrán ti bàjẹ́ nìyẹn. Ohun tó ń dùn mí jù ni àwọn tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti ṣe é tán wọn ò padà sọ́dọ̀ dókítà mọ́, wọ́n á ní ẹ̀rọ tó gbówó lórí báyẹn ti wo gbogbo ara kò rí nǹkan kan. Ìgbà tẹ́ ẹ bá wá sọ ọ́ ní arínúróde, ta ló fẹ́ bá a jiyàn?

Ẹni tó ní ká fi MRI sílẹ̀ bó ṣe wà, èmi ò bá a jà, orí ìwé tí dókítà ń kọ MRI náà ló máa jẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́tà mẹ́ta yẹn ò sọ nǹkan kan fún màmá tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó ń dúró kí wọ́n pè é.

Orúkọ tí mo fara mọ́ ni fótò òòfà, tàbí àwòrán òòfà fún ẹni tí kò fẹ́ fótò. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ òòfà. Àwa tá a dàgbà nígboro la máa ń yọ ọ́ lára spíkà rédíò tó ti bàjẹ́, ká so okùn mọ́ ọn, ká máa wọ́ ọ lórí iyẹ̀pẹ̀ títí èérún irin á fi bò ó dúdú. Ẹ ò tún nílò àlàyé, ìṣe ẹ̀ ti wà nínú orúkọ ẹ̀, ó ń fa irin. Òòfà ọsibítù tó jẹ́ 1.5 Tesla yẹn, agbára ẹ̀ ju ti ilẹ̀ ayé tó ń darí kọ́ńpáàsì ní ìlọ́po 20,000 lọ. Ní 2001, ní ìpínlẹ̀ New York, ọmọ ọdún mẹ́fà kan wà nínú ẹ̀rọ, wọ́n gbé sìlíńdà ọ́síjìn wọlé, òòfà já a gbà, ó fò lọ bá ọmọ náà lórí, ó sì kú. Ìpínlẹ̀ yẹn náà ló tún ṣẹlẹ̀ ní 2025, ọkùnrin kan fi ṣéènì irin wúwo sọ́rùn wọlé lọ bá ìyàwó ẹ̀, òòfà fi ṣéènì yẹn fà á mọ́ra, ó bá a lọ. Ewu iṣẹ́ yìí nìyẹn o, ìtànṣán kọ́.

Ó tún ní ìdí tí mi ò fi fẹ́ kí "ẹ̀rọ" ṣíwájú orúkọ náà. Lẹ́tí wa, ẹ̀rọ ni nǹkan tí èèyàn ń tàn tó sì ń pa. NEPA bá mú iná lọ, gbogbo èèyàn gbà pé ẹ̀rọ ti kú, ẹni tó ń nulẹ̀ á fẹ́ ti bọ́kẹ́ẹ̀tì onírin wọlé, ẹni tó ń tún iná ṣe á fẹ́ gbé àpò sípánà ẹ̀ wọlé. Òòfà ò kú o! Èyí tó ń lo helium olómi (gáàsì tí wọ́n mú tutù títí ó fi di olómi), tó tutù tó ìdíwọ̀n Celsius 269 sísàlẹ̀ òdo, iná inú ẹ̀ ń yí po fúnra ẹ̀ ni, kò dúró de NEPA. Èyí tí ò lo helium, tó jẹ́ òòfà látilẹ̀ bíi ti spíkà yẹn, ìyẹn ò tiẹ̀ lo iná fún òòfà ẹ̀ rárá. Tẹ́ ẹ bá sọ fún mi pé "ẹ̀rọ ti kú", mo lè wọlé. Tẹ́ ẹ bá sọ fún mi pé òòfà ló wà níbẹ̀, mi ò ní bi yín bóyá wọ́n ti pa á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Màmá àgbà kan wá fún MRI ẹ̀yìn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé irin kankan wà lára yín?" Wọ́n ní, "Rárá o, ọmọ mi, kí ni mo fẹ́ fi irin ṣe?" Wọ́n ti bọ́ yẹtí, wọ́n ti bọ́ òrùka, wọ́n ti wọ aṣọ ọsibítù. Mo wá ní, "Mà, òòfà ló wà nínú yàrá yìí o, òòfà ńlá." Wọ́n wò mí díẹ̀, wọ́n ṣẹ́jú sí nọ́ọ̀sì pé kó wá, wọ́n jọ wọ kọ̀rọ̀, nígbà tí wọ́n máa jáde ìgbàdí ló wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, awọ tí wọ́n rán yípo, abẹ́rẹ́ mélòó kan sì wà nínú ẹ̀ tó ń gún mi lọ́wọ́ bí mo ṣe gbà á. Màmá ò parọ́ fún mi tẹ́lẹ̀. Lẹ́nu wọn, irin ni ọ̀pá, irin ni àdá, abẹ́rẹ́ ń jẹ́ abẹ́rẹ́ ni. Òòfà ló sọ fún wọn pé abẹ́rẹ́ náà wà nínú ẹ̀. Látìgbà yẹn mi ò kí n fi irin bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè mọ́, òòfà ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo tó máa dárúkọ nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan: pín-ìn tí wọ́n fi mú irun, ońdè, irin tí wọ́n fi to egungun, ẹ̀rọ tí wọ́n fi sí ọkàn. Ọdẹ ni baba? Mo máa ń bi wọ́n bóyá ọta ìbọn ti ba ara wọn rí. Wẹ́dà àti panẹ́lì bítà, mo máa ń bi wọ́n bóyá èérún irin ti ta sí wọn lójú rí, kódà kó jẹ́ ọdún gbọọrọ sẹ́yìn, torí èérún tó bá ṣẹ́kù sínú ẹyinjú, òòfà lè mú un rìn níbẹ̀, ojú lè fọ́. Irú wọn la kọ́kọ́ ń ya X-ray ojú fún kí wọ́n tó wọlé.

Nǹkan míì tó jẹ́ ti èdè pátápátá tí mi ò rí kẹ́nikẹ́ni mẹ́nu bà: àṣẹ tá a ń pa látinú gbohùngbohùn. Ẹ má mí, ẹ má mì. Ẹ pe méjèèjì sókè kẹ́ ẹ gbọ́. Ọ̀kan ní kó má fà èémí, ìkejì ní kó má jù síhìn-ín jù sọ́hùn-ún. Tá a bá ń ya ẹ̀dọ̀, a fẹ́ kó má mí fún ìgbà díẹ̀. Tá a bá ń ya ọpọlọ, a fẹ́ kó máa mí dáadáa àmọ́ kó má mì. Ariwo ẹ̀rọ yẹn ń gbá gbà-gbà-gbà létí ẹ̀, gbohùngbohùn sì ń pa ohùn pọ̀, òkè àti ìsàlẹ̀ ò yàtọ̀ mọ́, o ní "ẹ má mì" fún ẹni tí wọ́n ń ya orí ẹ̀, ó sé èémí títí àyà ẹ̀ fi ń já, ó tẹ bẹ́ẹ̀lì pé ẹ yọ òun. Mo bẹ yín, ẹ jẹ́ ká fi ẹnu kò lórí eléyìí ju orúkọ ẹ̀rọ lọ. Fún èémí, "ẹ sé èémí", lẹ́yìn náà "ẹ máa mí lọ". Fún ara, "ẹ dúró jẹ́ẹ́". Kò sí bí gbohùngbohùn ṣe lè da àwọn yẹn pọ̀.

Àwa òṣìṣẹ́ ńkọ́? Aláìsàn ń pè wá ní dókítà, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí bí wọ́n bá ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n á ní, "Dókítà, kí lẹ rí?" Èmi kọ́ ló yẹ kó dáhùn. Èmi ni mo ya á, ẹlòmíì ló máa kà á, dókítà ni ẹni yẹn, ó kọ́ ìwé tiẹ̀ lọ́tọ̀, èmi náà kọ́ tèmi lọ́tọ̀ ní yunifásítì. "Ayàwòrán" nìkan tí ẹnì kan dábàá ò tó, onífótò òde ìgbéyàwó ló máa wá síni lọ́kàn. Ayàwòrán-inú-ara ni kẹ́ ẹ máa pè wá, kẹ́ ẹ sì pe dókítà yẹn ní òǹkàwòrán. Wọ́n ní kà yẹn lè jẹ́ pé ó ń ka iye àwòrán. A ní òǹkàwé, kò sẹ́ni tó rò pé iye ìwé ló ń kà. Ọjọ́ tí aláìsàn bá ti mọ̀ pé ayàwòrán wà, òǹkàwòrán wà, á mọ ẹni tó yẹ kó bi ní ìbéèrè.

Oògùn tá a ń gún sínú iṣan kí nǹkan lè hàn dáadáa, ẹ má pè é ní aró, ẹ jọ̀ọ́. Oògùn ìmúhàn tó. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ki aró bọ òun lára.

Ẹ tún rántí àwọn ará wa ní Kétu, Sákétẹ́ àti Pọ́bẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin lọ́hùn-ún, Faransé ni ti ọsibítù wọn. Radio ni Faransé ń pe X-ray, scanner ló ń pe CT. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, tí obìnrin bá ní òun lọ ṣe skáànù, oyún la gbà pé ó lọ wò, mo mọ ọkùnrin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú nígbà tí wọ́n ní kó lọ ṣe skáànù ikùn. Skáànù kan náà, nǹkan méjì ló jẹ́ láàárín Ìbàdàn àti Kétu. MRI ni Faransé sọ di IRM, lẹ́tà ẹ̀ tiẹ̀ ti yí po. Òòfà nìkan ni mo rò pé àwa àtàwọn jọ ní, mo sì fẹ́ kí ẹnì kan láti ọ̀hún bá wa sọ bóyá bí wọ́n ṣe ń pè é lẹ́nu nìyẹn, àti ohun tí àwọn àgbà wọn ń pe abẹ́rẹ́ inú ìgbàdí, torí aláìsàn láti ibẹ̀ máa ń dé ọ̀dọ̀ wa, mo sì fẹ́ mọ bí mo ṣe máa bi wọ́n kí wọ́n tó kọjá ilẹ̀kùn.