Ṣé kí n fi Wolf gba Hellebuyck?

Ọmọ Alágbàka: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ fántásì họ́kì orí yìnyín yìí, eré tí à ń kó eléré gidi jọ sí ẹgbẹ́ àfinúrò, tí a ń gba máàkì bí wọ́n bá ṣe gbá sí. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Calgary ló fà mí wọ líìgì wọn. Eléré tí o bá ní lọ́dún yìí, tìẹ náà ni lọ́dún tó ń bọ̀, àyàfi tí o bá fi ṣe pàṣípààrọ̀. Dustin Wolf ti Calgary ni kíípà mi. Ẹnì kan wá ní kí n gbé e wá, òun á fún mi ní Connor Hellebuyck ti Winnipeg, òun á tún fi àǹfààní àtikọ́kọ́ yan ọ̀dọ́ eléré lé e.

Hellebuyck kì í ṣe ẹni à ń fojú di. Ó ti gba Vezina, àmì-ẹ̀yẹ kíípà tó dáa jù, ní 2020, 2024 àti 2025. Ìdíje 47 ló borí ní sáà 2024-25, Wolf borí 29. Ṣùgbọ́n 1993 ni wọ́n bí i, 2001 ni wọ́n bí Wolf, ẹgbẹ́ mi ò sì lè gba ife lọ́dún yìí. Nígbà òtútù, aago mẹ́ta òru níbí ni Calgary sábà ń gbá nílé, mo sì máa ń jí wò ó. Ẹ wo bí Wolf ṣe ń fi orúnkún yọ́ láti òpó kan dé èkejì kí pọ́ọ̀kì, róbà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá, tó dé!

Ẹ̀gbọ́n Ọbá-Ilé: Àbúrò, kí ni líìgì yín ń kà? Tó bá jẹ́ ìborí nìkan, ẹgbẹ́ tó wà níwájú kíípà ló ń fún un ní máàkì. Tí wọ́n bá ń ka pọ́ọ̀kì tó gbà, kíípà tí wọ́n ń gbá sí léraléra á rí máàkì kó, kódà bí wọ́n bá na ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọmọ Alágbàka: Méjèèjì ni, ẹ̀gbọ́n.

Ìyá Ìbejì, Ìjàpò: Gbà á kíá! Kíípà ọ̀dọ́ kò ṣeé fọwọ́ sọ̀yà. Andrew Raycroft gba Calder, ti eléré tuntun, ní Boston ní 2004. Nígbà tó fi máa di 2006, Boston ti gbé e fún Toronto.

Ọmọ FUTA: Mà, ẹ parí ìtàn yẹn. Ta ni Toronto fi gbà á? Tuukka Rask ni, ọ̀dọ́ tí kò tíì gbá ìdíje kankan ní NHL, líìgì ńlá tí gbogbo ẹgbẹ́ wọ̀nyí wà. Rask gba Vezina fún Boston ní 2014. Toronto tó yọ̀ǹda ọmọdé ló jìyà ẹ̀. Ní ti Wolf, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NHL ń yan ọ̀dọ́ eléré ní 2019, ipò 214 nínú 217 ni wọ́n ti yàn án, torí wọ́n ní kò ga tó. Ó lọ gba àmì-ẹ̀yẹ kíípà tó dáa jù ní AHL, líìgì tó wà lábẹ́ NHL, lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra. Calgary ti bá a ṣe àdéhùn ọdún méje, mílíọ̀nù 7.5 dọ́là lọ́dún, láti sáà 2026-27. Àwọn tó ń rí i lójoojúmọ́ ló ná owó yẹn.

Ẹ̀gbọ́n Ọbá-Ilé: Òótọ́ ni. Hellebuyck náà ṣì ní àdéhùn ní Winnipeg títí di 2031, kò ní kúrò lójú ọ̀nà lọ́la. Àmọ́ ìwọ lo sọ pé ife ò sí lọ́dún yìí. Ta ni ìborí 47 fẹ́ wúlò fún? Mú Wolf dání.

Ọmọ Alágbàka: Mo ti kọ̀wé sí i: kó fi agbáwájú ọ̀dọ́ kan kún un, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ Wolf ò lọ síbì kankan.

Ìyá Ìbejì, Ìjàpò: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Má tètè dá a lóhùn bó bá kọ̀. Fúnra ẹ̀ ló kọ́kọ́ fi àǹfààní yíyàn lé e, ó fẹ́ Wolf ju bó ṣe ń sọ lọ.