Èèpo ọta ń fò síwájú: ṣé ìbọn mi ti ní àléébù ni?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ìbọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Texas ni mo wà. Ìbọn AR-15 àlòkù ni mo rà, ọ̀pá rẹ̀ gùn ní ínǹṣì 16, ọ̀nà gáàsì tó ń ti ẹ̀rọ inú rẹ̀ sẹ́yìn sì jẹ́ ti carbine, èyí tó kúrú. Mo gbé e lọ sí pápá ní Sátidé, mo yin ọta 60, kò há lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ọta bá tán, bolt, irin tó ń ti ọta wọlé, ń dúró sẹ́yìn bó ṣe yẹ.

Èèpo idẹ tó ń tú jáde ló ń kọ mí lóminú. Dípò kó já sí ọ̀tún mi, bí aago mẹ́ta sí mẹ́rin, iwájú ló ń fò sí, bí aago kan. Ọ̀kan ba fìlà bàbá kan. Mo ti dọ̀bálẹ̀ tán kí n tó rántí pé òyìnbó ni.

Mo ṣa díẹ̀ wò. Etí ìdí wọn ti ya, bí ìgbà tí èékánná fà á.

Wọ́n ní gáàsì ló pọ̀ jù, tí bolt fi ń sáré padà. Buffer inú ìbọn náà, irin tó ń dín eré bolt kù bó bá ń padà, fúyẹ́, ounce 3 péré. Ẹnì kan ní kí n fi H2, buffer tó wúwo jù ú lọ, rọ́pò rẹ̀. Ẹlòmíì ní ọta 5.56 tí mo lò ló le, kí n fi ọta .223 tó rọ̀ jù ú lọ dán an wò. Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Àbí sípíríngì extractor, ìkọ́ ara bolt tó ń fa èèpo jáde, ló ti gbó?