Omi aró tí a ń tú sódò lóru

Ẹ̀yin ará, mo fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí ní ilé-iṣẹ́ kan lẹ́bàá Èkó, níbi tí a ti ń pa òwú láró, tí mo sì ti ṣe iṣẹ́ alẹ́ fún ọdún mẹ́ta. A ní àgbá ńlá tí a fi ń tọ́jú omi ìdọ̀tí: a ó da ásíìdì sí i láti fi pa agbára kọ́sítíìkì (sódà tí a fi ń ṣe ọṣẹ) inú rẹ̀, a ó sì fi álọ́ọ̀mù sí i, irú èyí tí àwọn ìyá wa ń fi sínú ìkòkò omi, títí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ aró yóò fi lọ sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí dísù gbówó lórí, àṣẹ dé pé kí a máa pa pọ́ǹpù tó ń gbé omi aró lọ sínú àgbá náà láti aago mẹ́wàá alẹ́, kí omi aró gba gọ́tà lọ tààrà sínú odò. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń pa á.

Ìyá kan ń rẹ ẹ̀gẹ́ láfún nísàlẹ̀ odò náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ṣíwọ́, ó pè mí, ó sì ya ègé ẹ̀gẹ́ kan sí méjì lójú mi: ara rẹ̀ ti dú bí ẹtù, àárín rẹ̀ nìkan ló ṣì funfun. Ó ní, “Ọmọ mi, ta ni yóò ra èyí lọ́wọ́ mi?”

Kò pẹ́ sígbà náà ni ilé-iṣẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún ìlú, tí wọ́n pe Baálẹ̀, tí wọ́n sì ri pátákó ńlá mọ́lẹ̀. Ohun rere ni omi, inú mi sì dùn sí i. Ìyá náà kí àwọn ọ̀gá wa pé, “Ẹ ṣeun, ẹ kú ìnáwó. Odò wa ńkọ́?”

Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ wákàtí tí a pa pọ́ǹpù sínú ìwé iṣẹ́. Mo mú un tọ ọ̀gá wa lọ, pẹ̀lú òfin tí NESREA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó òfin àyíká ní Nàìjíríà, gbé jáde fún àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ ní 2009, pé dandan ni kí a tọ́jú omi ìdọ̀tí kí a tó tú u sílẹ̀. Ó ní owó dísù ni ìṣòro. Mo bi í léèrè iye tí a ná níbi ayẹyẹ kànga. Wọ́n mú mi kúrò nídìí pọ́ǹpù, ṣùgbọ́n pọ́ǹpù náà ń ṣiṣẹ́ mọ́jú báyìí.

Ìyá aláfún kò tíì padà sétí odò. Inú dúrọ́ọ̀mù ló ń rẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀.