Ìwé wàrà ewúrẹ́: kí ni kí n máa kọ, báwo ni kí n ṣe máa wọ̀n ọ́n?

Ìyá Ìbejì, Ohio
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Nigerian Dwarf ni mò ń sìn. Àwọn tó fẹ́ ra ọmọ wọn kì í bèèrè àwọ̀ mọ́, iye wàrà ìyá ni wọ́n ń bèèrè. Ìgò onílà ni mo fi ń wọn tèmi, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ṣé ìyẹn tó, àbí kí n forúkọ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò DHI, ètò tí ẹlòmíì fi ń wá wọn wàrà ẹran ẹni, tí láàbù sì ń yẹ̀ ẹ́ wò?

Bàbá Ẹléwúrẹ́, Texas
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú wọn. Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí. Ewúrẹ́ kúkúrú ilé wa lọ́hùn-ún ni ìran wọn, èyí tó ń jẹ èèpo iṣu kiri àdúgbò tí ẹnikẹ́ni kì í fún wàrà rẹ̀. Ó di 2005 kí ADGA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin ewúrẹ́ oníwàrà ní Amẹ́ríkà, tó gbà á sínú ìwé wọn, ó sì yẹ ká kọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa.

Ìgò kò tó. Ìfòfó orí wàrà á máa tàn yín jẹ. Ẹ ra síkéèlì tó ń fi ìdá mẹ́wàá pọ́ún hàn. Ẹ gbé garawa òfìfo lé e, ẹ dá a padà sí òdo, lẹ́yìn náà lẹ wá wọn wàrà. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ti àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ la ń wọ̀n. Ẹ má sọ ti àárọ̀ nìkan di ìlọ́po méjì o. Bí òru bá gùn ju ọ̀sán lọ láàárín fífún méjèèjì, irọ́ ni yóò pa fún yín.

Bí ewúrẹ́ kan, ká pè é ní Àbẹ̀ní, bá ṣe 3.2 pọ́ún lónìí, tó ṣe 2.8 lẹ́yìn 30 ọjọ́, àárín wọn ni 3.0. Ìlọ́po 30 rẹ̀ ni 90 pọ́ún. Bẹ́ẹ̀ la ń rò ó pọ̀ títí dé 305 ọjọ́. Ẹ kọ ọjọ́ tí akọ gùn ún, ọjọ́ tó bí, ọjọ́ tẹ́ ẹ dáwọ́ fífún wàrà rẹ̀ dúró, àti oògùn tó lò. Àmọ́ fún ẹni tó ń ta ọmọ, ẹ ṣe DHI. Ohun tí ẹlòmíì wọ̀n ló ń fi ọkàn oníbàárà balẹ̀.

Adúkẹ́ Láàbù
Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n fi ti sáńpù, ìyẹn wàrà díẹ̀ tí à ń bù ránṣẹ́ sí láàbù, kún un. Wàrà àkọ́jáde kì í lọ́ràá, ìkẹyìn ló lọ́ràá jù. Ẹ fún un tán pátápátá, ẹ dà á láti garawa kan sí èkejì kó lè pò pọ̀, kẹ́ ẹ tó bù ú. Ọ̀rá Nigerian Dwarf sáábà máa ń tó 6 nínú 100, ti Saanen, irú ewúrẹ́ oníwàrà mìíràn, kò ju bíi 3.5 lọ.

Ìyá Ìbejì, Ohio
Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Èsì ọ̀rẹ́ mi kan dé, wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì ara (somatic cell) inú wàrà ewúrẹ́ rẹ̀ jẹ́ 900,000 nínú mìlílítà kan. Ọmú kò gbóná, kò le. Ṣé àrùn ni?

Adúkẹ́ Láàbù
Kì í ṣe dandan, mà. Òfin Grade A, ti wàrà títà ní Amẹ́ríkà, fàyè gba 750,000 fún màlúù, ó gba 1,500,000 fún ewúrẹ́. Ó máa ń gòkè bó bá ń wá akọ, tàbí tó kù díẹ̀ kí wàrà rẹ̀ gbẹ. Ẹ ní kó wo èsì oṣù tó kọjá. Bó bá fò sókè lójijì nígbà tí wàrà ṣì pọ̀, kó fi CMT, oògùn àyẹ̀wò tí a ń pò mọ́ wàrà, wo ẹ̀gbẹ́ ọmú kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ẹ̀gbẹ́ tí wàrà rẹ̀ bá ki ni kó fi wàrà rẹ̀ ránṣẹ́ sí láàbù, kí wọ́n wá kòkòrò inú rẹ̀.

Bàbá Ẹléwúrẹ́, Texas
Kó má tíì tà á o! Èsì oṣù kan ṣoṣo kò tó lé ewúrẹ́ nílé. Ìyá Ìbejì, ẹ wá àwọn tó ń sin ewúrẹ́ nítòsí yín, kẹ́ ẹ jọ máa wọn wàrà fún ara yín. ADGA fàyè gbà á, ó sì dín owó kù. Ẹ ti forúkọ sílẹ̀ fún DHI kí àwọn ewúrẹ́ yín tó bí.