Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè mọ ibi tí ẹ̀gbọ́n ìyá àgbà wa tó bá ogun Bọ́mà lọ wà?

Ọmọ Òròkí:
Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ìyá àgbà wa nílé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ọkàn wọn ṣì pé dáadáa, ṣùgbọ́n látìgbà tí ààwẹ̀ ti parí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin ni wọ́n ń sọ ṣáá. Ẹ̀gbọ́n yìí wọṣẹ́ sójà nígbà ogun Hítílà, stéṣọ̀n réluwéè Òṣogbo níbí ló ti wọkọ̀ lọ sí Èkó, wọ́n sì kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Íńdíà, láti ibẹ̀ ó di Bọ́mà, tí wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí. Lẹ́yìn tí ogun parí ni D.O., òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè nígbà yẹn, ránṣẹ́ pe bàbá wọn pé ọmọ yẹn ti kú, wọ́n fún bàbá ní ìwé kan àti owó díẹ̀, ikán ti jẹ ìwé yẹn tipẹ́. Ìyá wọn ò gbà kí wọ́n ṣe fidáù, ó ní òun ò ní ṣàdúà òkú fún ọmọ tí òun ò rí òkú ẹ̀, bó ṣe wà nìyẹn títí tí ìyá náà fi kú.

Fọ́tò kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ wa, ó wọ ṣòkòtò péńpé, fìlà ẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀yìn fọ́tò yẹn ni wọ́n kọ NA sí pẹ̀lú nọ́ńbà tó ti ń pa, àti 9 N.R. Ohun tí ìyá àgbà fẹ́ mọ̀ ò ju pé ṣé ó ní sàréè, níbo ló wà, irú iṣẹ́ wo ló sì ń ṣe lọ́hùn-ún kó tó kú. Ẹni tó bá mọ nǹkankan kó jọ̀ọ́ bá mi sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n Mọ́kọ́lá:
Ẹ bá mi kí màmá o, àbúrò. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí fọ́tò yẹn sọnù rárá torí 9 N.R. yẹn ti sọ ohun tó pọ̀ fún wa. N.R. ni Nigeria Regiment, 9 ni bàtálíọ̀nù kẹsàn-án, sójà ẹlẹ́sẹ̀ sì ni wọ́n, àwọn tó ń gbé ìbọn wọgbó lọ kojú ọ̀tá gan-an. Bàtálíọ̀nù 5, 9 àti 10 ni wọ́n kó pọ̀ ṣe bìrìgéèdì kẹrin, bìrìgéèdì yẹn wà lábẹ́ Dìfíṣọ̀n 82 ti West Africa tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1943. Ẹ wo èjìká aṣọ ẹ̀ nínú fọ́tò bóyá ẹ máa rí ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn lórí òṣùká, àmì tiwọn nìyẹn. Tó bá jẹ́ aláǹtakùn lẹ rí, ti Dìfíṣọ̀n 81 ni.

1944 ni Dìfíṣọ̀n 82 dé Íńdíà, ìparí ọdún yẹn ni wọ́n tó wọ ìjà ní Arakan, tó jẹ́ etíkun Bọ́mà, wọ́n gba Buthidaung ní oṣù December. Àwọn àti 81 jọ wà níbi tí wọ́n ti gba Myohaung ní ìparí January 1945. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n dá 81 padà sí Íńdíà, 82 ló wá ń lé àwọn ará Jàpáànù lọ sísàlẹ̀ gúúsù, February àti March yẹn ni ìjà le jù, ní ọ̀nà Dalet àti Tamandu, àti Letmauk ní ọ̀nà ìlú An. Tó bá jẹ́ pé ojú ìjà ni ẹ̀gbọ́n màmá ti kú, àárín December 1944 sí May 1945 ni kẹ́ ẹ máa wò.

Ẹ jẹ́ n fi kún un pé bárékè tó wà ní Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn níbí, Letmauk lorúkọ ẹ̀. Ojoojúmọ́ lèmi ń gba iwájú ibẹ̀ kọjá. Arakan ni ti Àpápá, Myohaung ni ti Yábàá, Dalet àti Kalapanzin wà ní Kàdúná. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wa ti ta sílẹ̀ ni gbogbo ẹ̀, a sì ń pè é lójúmọ́ bí ẹni ń pe orúkọ bọ́ọ̀sìtọ́ọ̀pù, ó máa ń dùn mí.

Ìyá Ìbejì Òkè-Baálẹ̀:
Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere o. Bàbá tó bí bàbá mi lọ Bọ́mà, àwọn ní tiwọn padà wálé, Dìfíṣọ̀n 81 tí ẹ̀gbọ́n ń sọ yẹn ni wọ́n wà. Wọn kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ ìbọn, ẹrù ni wọ́n máa ń sọ. Wọ́n ní òkè lórí òkè ni ibẹ̀, mọ́tò ò lè dé ibi tí wọ́n wà, àwọn sójà tí wọ́n kó wá fún ẹrù rírù ló ń fi orí ru ọta ìbọn àti oúnjẹ, ẹ̀rọ òfúrufú á sì máa ju àpò oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn láti òkè, tí òjò bá ṣú tí báálù ò bá rọ́nà wá ebi ni. Òjò ọ̀hún kì í dá, eṣúṣú á lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ títí dé itan, ibà náà ń bá wọn jà. Èmi rò pé ó yẹ kí màmá gbọ́ èyí náà, torí tá a bá ti ní èèyàn kú sógun ohun tó máa ń wá síni lọ́kàn ni ìbọn, a kì í ronú ìyà tí wọ́n ti jẹ kí ìbọn tó ba ẹnikẹ́ni.

Àkànní Sàbó:
Ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n nǹkan yìí ń ká mi lára. Ìjà òyìnbó pẹ̀lú Jàpáànù, kí ló kan ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun níbẹ̀? Owó tí wọ́n san fún wọn ò tó èyí tí wọ́n san fún sójà òyìnbó tí wọ́n jọ wà nínú igbó kan náà, àwọn tó bọ̀ náà ń wáṣẹ́ káàkiri ni. Ẹ wá ní ká máa yọ̀ pé wọ́n fi orúkọ ìlú Bọ́mà pe bárékè?

Ẹ̀gbọ́n Mọ́kọ́lá:
Àkànní, òótọ́ lo sọ, mi ò bá ẹ jiyàn lórí owó yẹn. Àmọ́ àbùkù tó wà níbẹ̀, ti ẹni tó rán wọn níṣẹ́ ni, kò kan ọmọkùnrin tó lọ. Ọmọ yẹn jà, ó dúró ti àwọn ẹnìkejì ẹ̀ nínú igbó, ó sì kú sibẹ̀. Tá a bá torí pé òyìnbó rẹ́ wọn jẹ tá a wá gbàgbé wọn, a ti fi tiwa kún un nìyẹn.

Tíṣà Àyétòrò:
Ẹ jẹ́ ká padà síbi ìbéèrè ọmọ wa. Àjọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Commonwealth War Graves Commission, 1917 ni wọ́n ti wà, àwọn ló ń tọ́jú ibojì àti orúkọ sójà tó kú nínú ogun àgbáyé méjèèjì. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń wá orúkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, fóònù yín náà lè ṣe é. Yan ogun kejì, tẹ Nigeria Regiment síbẹ̀.

Ohun tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú ni orúkọ. Nígbà yẹn tí wọ́n bá gba èèyàn sí sójà, orúkọ tó ń jẹ́ ni wọ́n sábà máa ń kọ, tí wọ́n á wá fi orúkọ ìlú ẹ̀ ṣe orúkọ bàbá fún un. Tó bá ń jẹ́ Làmídì, Lamidi Oshogbo ni wọ́n á kọ, kò sí orúkọ ilé yín níbẹ̀ rárá. Kí ẹ fi sh kọ Òṣogbo o, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ láyé ìgbà yẹn nìyẹn, kí ẹ sì gbìyànjú orúkọ yẹn bí òyìnbó ṣe lè gbọ́ ọ, Lasisi lè di Lassissi, Àmúsá lè di Amusah. Nọ́ńbà NA yẹn, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fún un ní sójà, ló máa là á, torí Làmídì Òṣogbo lè pọ̀ ṣùgbọ́n nọ́ńbà ò lè jẹ́ ti ẹni méjì.

Ní ti sàréè, itẹ́ òkú àwọn ológun kan wà ní Taukkyan lẹ́yìn ìlú Rangoon, èèyàn tó lé ní 6,000 ló wà níbẹ̀. Àwọn tí wọn ò rí ibojì wọn, wọ́n kọ orúkọ wọn sára àwọn òpó ńláńlá tó wà láàárín ibẹ̀, Rangoon Memorial ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sún mọ́ 27,000, àwọn ọmọ West Africa sì pọ̀ níbẹ̀.

Ìyá tó kọ̀ láti ṣe fidáù yẹn, ẹ má bá a wí. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wọ́n yìnbọn fún un lẹ́sẹ̀ ní etí odò Kaladan ní March 1944, nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ló fi wà nípamọ́ pẹ̀lú ọmọ Sierra Leone kan, Mùsùlùmí ará abúlé ibẹ̀ kan ló ń bọ́ wọn títí àwọn ọmọ ogun tiwọn fi dé ọ̀dọ̀ wọn padà ní December. Ó padà wálé, ó sì dàgbà. Irú èyí ń ṣẹlẹ̀, ìyá wo ni kò ní máa retí?

Ọmọ Òròkí:
Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á dá a padà fún yín. Mo ti wá a. Mo tẹ orúkọ yẹn bẹ́ẹ̀ náà pẹ̀lú Oshogbo, mo rí méjì tó jọ ọ́, ọ̀kan nínú wọn wà ní 9 N.R., March 1945, Rangoon Memorial. Nọ́ńbà yẹn bá ẹ̀yìn fọ́tò mu, ẹyọ kan péré ló pa tá ò lè kà. Mo kà á fún ìyá àgbà, wọ́n ní kí n tún un kà, wọ́n ní ṣé wọ́n kọ Òṣogbo síbẹ̀ lóòótọ́, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ti ní kí a pe Ààfáà wá pé fidáù náà ò gbọdọ̀ kọjá oṣù yìí. Tíṣà, ṣé àjọ yẹn máa gbà tá a bá ní kí wọ́n fi orúkọ bàbá ẹ̀ kún un?

Tíṣà Àyétòrò:
Ẹ kọ̀wé sí wọn, wọ́n máa ń gba àlàyé lọ́wọ́ ẹbí. Ẹ ya fọ́tò yẹn níwájú lẹ́yìn kó mọ́lẹ̀ dáadáa, kí màmá fi ẹnu ara wọn sọ orúkọ bàbá, ìyá àti agboolé, kí ẹ gbà á sílẹ̀ sórí fóònù kí ẹ tó kọ ọ́. Ti màmá yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe.